Àpò Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Àpò Ẹnìkan

Àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ nínú oṣù tó kọjá, a bá yín yọ̀. A ti to orúkọ àwọn ọmọ náà sí ojú ewé ìròyìn ẹbí. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a bá yín kẹ́dùn. Kí Ọlọ́run tu gbogbo yín nínú.

Bí ẹ bá ń ka ojú ewé ìròyìn ẹbí wa, ohun kan wà tí kì í hàn níbẹ̀. A máa ń kọ ọ́ pé òkú ti wọ ilẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n a kì í kọ iye tí ọkọ̀ gbà láti gbé e láti Warri dé Ọ̀yọ́ tàbí dé Ìkàrẹ́. A máa ń kọ ọ́ pé ọmọ kan ti wọlé sí PTI, tàbí sí yunifásítì epo ti Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ sí Effurun níhìn-ín ní 2007, ṣùgbọ́n a kì í kọ ẹni tó bá a san owó ìwé. Ẹgbẹ́ ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú ìròyìn wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lóṣù yìí lórí owó ẹgbẹ́: ibi tí ó ti ń wá, ibi tí ó ń sùn, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí àwa tí a ń kó o jọ kò bá sí mọ́.

Ìpàdé gbogboogbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ó jíròrò níbẹ̀ ni bóyá kí ẹgbẹ́ lọ gba ìwé ìjọba, tàbí kí ó máa bá a lọ bí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu kò kò lórí rẹ̀. A fẹ́ kí oníkálukú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sókè.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní bí a ti ń dá owó. Èsúsù ti wà nílẹ̀ wa kí báǹkì tó dé. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, nígbà tí ó sì di 1952, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí. Nínú èsúsù, ogún èèyàn lè máa dá iye kan náà, kí ẹnìkan máa kó o lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Nínú àjọ, alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́, a sì dá a padà fún un ní òpin oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀. Méjèèjì ló dára, a sì mọ ìwúlò wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ni wọ́n fi jọra: owó tí o dá yóò padà wá bá ọ.

Owó ẹgbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá a ti yọwọ́ nínú rẹ̀. Ó ti di ti opó tí a kò tíì mọ̀, ó ti di ti ọmọ tí a kò tíì bí. Owó tí kò ní olówó kan pàtó ni ó sì ṣòro jù láti ṣọ́, nítorí pé gbogbo wa la ni ín, kò sì sí ẹni tí yóò jí lóru nítorí rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ṣọ́. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà, Offa Descendants Union, ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Àwọn ọmọ ìlú ló jókòó, tí wọ́n pinnu, tí wọ́n sì ṣe é. Díẹ̀ ló kù nínú àwọn tó wà ní ìpàdé ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí ó bá tilẹ̀ ku ẹnìkan, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí ẹgbẹ́ ń jẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí ó pẹ́ láyé ju àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo tiwa. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré. Bí ọgọ́ta ilé bá ń dá ₦1,000 lóṣù, ₦60,000 ni lóṣù, ₦720,000 ni lọ́dún. Láàárín ọdún 5, ó ti di ₦3,600,000, láìka owó àwọn ọjọ́ ayẹyẹ. Níbo ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń sùn nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àlejò? Nínú àkáǹtì ẹnìkan ni, akápò tàbí alága, ẹni tí gbogbo wa fọkàn tán. Orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú ìwé báǹkì náà, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ sí i.

A kò sọ pé olè ni onítọ̀hún. Olóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ náà ń kú. Ọjọ́ tí ó bá kú, báǹkì kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àkáǹtì náà mọ́, àfi bí àwọn àrólé rẹ̀ bá gba ìwé ilé-ẹjọ́ tó fún wọn láṣẹ lórí dúkìá olóògbé. Ìwé náà yóò jáde lórúkọ àwọn àrólé. Kò ní jáde lórúkọ ẹgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó ti Èkó wá sìnkú, tí kò wá sí ìpàdé wa rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé nínú owó tó wà níbẹ̀, èyí ni ti bàbá òun, èyí sì ni ti opó tó ń gbé lọ́nà Jakpa?

Ti ilẹ̀ tún burú ju ti owó lọ. Ẹgbẹ́ yóò dá owó fún ọdún mẹ́wàá, wọn yóò ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ onílẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ alága sínú ìwé, nítorí pé onílẹ̀ béèrè orúkọ ẹni tó ń rà á. Alága kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí, wọ́n rí ìwé ilẹ̀. Wọ́n mú ẹni tí yóò rà á wá. Ẹgbẹ́ kígbe. Àwọn ọmọ olóògbé kò sì purọ́: orúkọ bàbá wọn ni wọ́n rí. Irú ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn ẹgbẹ́ àlejò, ibi tí ó sì máa ń parí sí ni pé owó tí wọn ì bá fi kọ́ gbọ̀ngàn ni wọ́n ń san fún lọ́yà. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ni wọn kò kọ bó ti yẹ.

Òfin ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 1958 ni Land (Perpetual Succession) Act wà, èyí tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè di ohun tí kì í kú, kí ilẹ̀ rẹ̀ má sì máa bá ẹnikẹ́ni wọ sàréè. Èyí tó wà lójú iṣẹ́ lónìí ni Companies and Allied Matters Act ti 2020, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Apá F nínú rẹ̀ ló kàn wá. Ó sọ pé àwùjọ èèyàn tí àṣà, ẹ̀sìn, ìbátan tàbí orílẹ̀ so pọ̀ lè yan àwọn alámòójútó dúkìá, kí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: àṣà àti ìbátan. Irú wa gan-an ni òfin ní lọ́kàn.

Kí ni ìwé náà yóò ṣe fún wa? Ẹgbẹ́ yóò ní orúkọ tirẹ̀ níwájú òfin, àti èdìdì tirẹ̀. Yóò lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, yóò lè ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, yóò lè peni lẹ́jọ́, a sì lè pe òun náà. Bí alámòójútó kan bá kú, a ó yan òmíràn, ilẹ̀ kò ní mì. Ṣùgbọ́n òfin náà tún so wá lọ́wọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ pín owó ẹgbẹ́ fún ara wa bí èrè. Bí ẹgbẹ́ bá tú ká lọ́jọ́ kan, ohun tó bá ṣẹ́kù kò ní di ti ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ mìíràn tí èrò rẹ̀ jọ tiwa ni yóò gbà á. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè jẹ́ alámòójútó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí gbèsè ti wọ́ dé ilé-ẹjọ́ tí kò tíì bọ́ nínú rẹ̀, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì láàárín ọdún 5.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣókùnkùn. A ó kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ tí a fẹ́ wà lófìfo. A ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́. A ó yan alámòójútó ní ìpàdé, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. A ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n lò lè bá wa ṣe é. Lẹ́yìn èyí, láti ọdún kejì lọ, a ó máa fi ìwé ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, láti sọ àwọn tó jẹ́ alámòójútó, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, àti ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní. Báǹkì tún lè béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìtọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kan ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá pe ìjọba wá sínú ilé, ìjọba yóò ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òfin 2020 yẹn fún CAC ní agbára láti dá àwọn alámòójútó dúró bí ó bá gbà pé wọ́n ṣe owó mọ́kumọ̀ku, àwọn aṣáájú ìjọ Kristẹni ní Nàìjíríà sì fi ohùn rara ta kò ó nígbà tí ó jáde. Iṣẹ́ tún wà nínú rẹ̀: ìwé ọdọọdún, ìṣirò owó, owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìwé, tí kò wá ṣe èyí tó kù, yóò jẹ ìtanràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dìbò bẹ́ẹ̀ ni bí kò bá ṣetán láti ṣiṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn ní àlejò ni wá, kí a rọra máa gbé, kí a má pe àfiyèsí sí ara wa. Èyí ni a fẹ́ dáhùn tìfẹ́tìfẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba K. A. Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Èjìgbò àti Ṣakí pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, débi pé J. S. Eades kọ odidi ìwé lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò àríwá Ghana, tí ó jáde ní 1993. Ọ̀pọ̀ wọn ti rọra gbé, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀. A kò sọ pé ìwé ẹgbẹ́ ni ì bá gbà wọ́n. Kò lè ṣe é. Effurun pẹ̀lú kì í ṣe Ghana: Nàìjíríà la wà, àwọn ará Uvwie tó ni ilẹ̀ sì ti fún wa láyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan kì í ṣe ààbò. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997, ní 1999 àti ní 2003, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni pé: èèyàn wa mélòó ló wà níbẹ̀, ta ni a ó sì ránṣẹ́ sí nílé? Ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé orúkọ tó péye ló lè dáhùn. Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ìrànlọ́wọ́ wo ló tún wà níta fún ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé? A ó dárúkọ díẹ̀. Ní Warri níhìn-ín ni PIND ní ibùdó ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé kan. Iléeṣẹ́ Chevron ló dá PIND sílẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú mílíọ̀nù 50 dọ́là, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ní agbègbè Niger Delta bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ àti ìwé owó. Nigeria Network of NGOs, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń kó ẹgbẹ́ aláàánú jọ, ó sì ń là wọ́n lóye lórí òfin tó kàn wọ́n. Ìpínlẹ̀ Delta pẹ̀lú ní ètò ìlera alájọṣe tí òfin rẹ̀ jáde ní 2016. Gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ ló wà fún, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò. Ẹgbẹ́ lè bá àwọn arúgbó wa forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí a tó máa sáré dá owó nígbà tí wọ́n bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Àpò kan wà tí kì í ṣe tiwa. Òfin epo ti 2021 ní kí iléeṣẹ́ epo máa yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná lórí iṣẹ́ ní ọdún tó ṣáájú sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ti àwọn onílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fi kọ́ ilé ìwòsàn, àwa náà yóò lò ó, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹgbẹ́ wa lọ nawọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé owó òkèèrè yóò rọ̀ bí òjò nígbà tí ìwé bá dé. USAID, iléeṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tó ti ń náwó ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó gbójú lé e nìkan wá ń wò sùn-ùn. Ẹgbẹ́ tó bá ń jẹun láti inú ìkòkò ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ìkòkò náà kéré tó, ebi rẹ̀ kì í ti òkèèrè wá. ₦1,000 yín lóṣù ni ìkòkò wa.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé ìjọba kò lè rọ́pò ìwà. Àwọn ohun tí a lè ṣe láti oṣù tó ń bọ̀ wà, ìbáà jẹ́ pé ìpàdé gbà tàbí kò gbà. Kí àkáǹtì ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹni mẹ́ta, kí owó má sì jáde láìjẹ́ pé méjì fọwọ́ sí i. Kí gbogbo ẹni tó bá sanwó gba rìsíìtì, àní ìyá àgbà tó san ₦200. Kí akápò ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí a yan ẹni méjì tí kì í ṣe olóyè láti yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, nítorí àwọn ìyá wa ló ń dá owó náà pé jù. Kí a sì kọ gbogbo ohun ìní ẹgbẹ́ sínú ìwé kan, láti orí ilẹ̀ dé orí àga àti ìkòkò àsè, kí a mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Opó kan tó bá wá sọ́dọ̀ wa lọ́la kì í béèrè bóyá a ní èdìdì. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé owó tí ọkọ òun ń dá fún ọdún mẹ́wàá, ṣé ó ṣì wà? Kí ẹnu wa lè gbà á láti sọ pé ó wà, kí a sì lè nà án sí i, ìyẹn ni gbogbo ìwé tí a kọ lókè yìí wà fún.

Ẹ wá sí ìpàdé gbogboogbò. Ẹ má rán ẹnu wá, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó sọ tirẹ̀ ní gbangba, kí a má lọ máa sọ ọ́ ní ìdí ọtí. Ẹ mú orúkọ àwọn ará ilé yín àti nọ́ńbà fóònù ẹni kan nílé lọ́hùn-ún dání, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tí a bá pinnu.